Ológbò Arúgbó Tó Ń Ṣàìsàn: Ta Ni À Ń Ra Oògùn Fún?

 

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ ológbò ni. Mi ò sọ ti ọmọ ológbò tó ń fò sókè sódò. Èyí tó ti darúgbó ni mò ń sọ, tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá fínra, tí kò lè lé eku mọ́. Kí ni ẹ̀tọ́ irú ẹranko bẹ́ẹ̀ lọ́rùn ẹni tó ń sìn ín? Nígbà tí a bá sì ń ra oríṣiríṣi oògùn amáralókun àti àfikún oúnjẹ fún un, tí à ń pò ó mọ́ oúnjẹ rẹ̀, tí à ń fi tipátipá dà á sí i lẹ́nu, ta ni à ń ṣe é fún gan-an: ṣé ológbò ni, àbí ọkàn tiwa?

Kò sí ọmọ ilé-kéwú kan nínú wa tí kò tíì gbọ́ hádíìsì obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò. Imam Bukhari àti Imam Muslim ni wọ́n gbà á wá. Obìnrin náà ti ológbò mọ́lé títí ó fi kú. Kò fún un lóúnjẹ, kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ wá ohun tí yóò jẹ nílẹ̀. Púpọ̀ nínú wa máa ń ka hádíìsì yìí bí ìtàn ìkà lásán, a ó mi orí, a ó sì kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa. Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún obìnrin yẹn: bóyá kí ó bọ́ ọ, tàbí kí ó tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá tirẹ̀. Ìbá ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, ìbá ti bọ́. Wàyí o, ológbò tó ti pé ọdún 14 tàbí 15, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo, bí a bá ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ilé sílẹ̀ fún un, níbo ni yóò lọ? Kí ni yóò lè mú? Ọ̀nà kejì ti dí mọ́ ọn, ọjọ́ orí ló dí i. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, ọwọ́ wa ló sì wà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé bí ẹranko bá ṣe ń darúgbó sí i ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́rùn wa ṣe ń wúwo sí i.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ ronú bẹ́ẹ̀. Ààlímù ńlá nì, Izz ad-Diin ibn Abd as-Salaam, ọmọ ìlú Damasku tó kú sí Kairo ní ọdún 660 Híjíírà, èyí tí í ṣe 1262 Mìlàdíyà, ka àwọn ẹ̀tọ́ ẹranko lọ́rùn ọmọ ènìyàn nínú ìwé rẹ̀, Qawaa'id al-Ahkaam. Ó fi yé wa pé kí olówó ẹranko máa náwó lé e bó ṣe yẹ, kódà bí àìsàn tàbí ọ̀kùnrùn bá ti mú un débi pé kò sí àǹfààní kankan tí ènìyàn lè rí lára rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ará, nǹkan bí 760 ọdún sẹ́yìn ni ó ti sọ èyí. Àwọn baba wa náà kò ṣaláìmọ nǹkan kan nípa rẹ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ológbò inú ilé kò mọ ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Ọmú ta ni kí ó mu bí kò bá ṣe ti ẹni tó ń pa eku fún látọjọ́ yìí?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti orí ìwé nìkan. Ní ilé-kéwú tí mo ti ń kọ́ni, ológbò kan wà tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju méjì nínú àwa olùkọ́ lọ. Eku ló mú un wá: wọ́n ń jẹ etí àwọn kìtáábù wa, wọ́n sì ti sọ àpò ìrẹsì àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà di tiwọn. Láàárín oṣù díẹ̀ tí ológbò dé, ọ̀rọ̀ eku di ìtàn. Ọdún 14 ti kọjá lórí èyí. Lọ́dún tó kọjá ni a ṣàkíyèsí pé ó ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń tọ̀ káàkiri, ó ń rù, irun rẹ̀ kò dán mọ́, oúnjẹ kò sì wù ú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà dá owó jọ. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ìgò àti ike 5 ti wà lórí tábìlì mi: òróró habbatus-saodáà, òróró ẹ̀dọ̀ ẹja, oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi irú èyí tí à ń fún àwọn aláboyún, lẹ́búlẹ́bú aáyù tí ẹni tó tà á sọ pé ó ń wo ogójì àrùn, àti ike fítámìn kan tí wọ́n ya àwòrán ajá sí lára.

Ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin dìde, ó ní, “Ustaadh, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀rẹ́ wa kan ti jókòó sílé láti bí oṣù méjì nítorí owó ilé-ìwé. Ológbò tí kò pa eku mọ́ ni a wá ń dá owó fún?” Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin dá a lóhùn pé bó bá jẹ́ iṣẹ́ nìkan ni à ń wò ká tó fún ẹ̀dá lóúnjẹ, a jẹ́ pé ìyá àgbà ilé wọn ti pàdánù oúnjẹ alẹ́ nìyẹn. Kíláàsì pariwo. Èmi kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló ní ìdí, n ó sì padà sórí ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ohun kan hàn sí mi: nínú gbogbo ariwo yẹn, kò sí ẹnì kan tó béèrè pé kí ló ń ṣe ológbò náà gan-an.

Dókítà ẹranko ló béèrè. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n. (Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ibi tí ẹ ó gbé ẹranko lọ, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní yunifásítì Ìbàdàn, ti Ìlọrin, àti ti Abẹ́òkúta, kì í ṣe màlúù àti adìẹ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.) Kíndìnrín ni àìsàn náà wà. Àìsàn yìí wọ́pọ̀ púpọ̀ lára ológbò tó ti kọjá ọdún 10, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń jẹ wọ́n. Kíndìnrín a máa fara dà á, ó lè jẹ́ pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ni yóò ti lọ kí ohun tí wọ́n ń pè ní creatinine tó fò sókè nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ pín àìsàn náà sí ìpele 4 gẹ́gẹ́ bí creatinine yìí ṣe pọ̀ tó. Ní ìdíwọ̀n mg/dL, èyí tí kò tó 1.6 wà ní ìpele kìn-ín-ní, 1.6 sí 2.8 ni ìkejì, 2.9 sí 5.0 ni ìkẹta, èyí tó bá ju 5.0 lọ ni ìkẹrin. Ti ológbò wa jẹ́ 3.1.

Ohun tó ti bàjẹ́ nínú irú kíndìnrín bẹ́ẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò. Ẹ fi ọkàn sí gbólóhùn yìí, nítorí òun ló yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹni tó bá ń ka ara ìgò oògùn. Ìgò tó bá ní òun yóò sọ kíndìnrín ológbò arúgbó di tuntun, irọ́ ló ń pa. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí á dín ẹrù tó wà lórí ìyókù kù, kí á sì dá ohun tó ń sọnù lára ẹranko náà padà fún un.

Ohun tí dókítà kọ́kọ́ sọ kò sì sí nínú gbogbo ìgò 5 wọ̀nyẹn. Oúnjẹ ni. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní phosphorus, kíndìnrín tó ń ṣàìsàn kò lè tì í jáde dáadáa mọ́, a sì máa kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀, a máa ba ìyókù kíndìnrín náà jẹ́. Egungun, orí ẹja gbígbẹ, edé: ohun tí à ń jù sí ológbò nílẹ̀ wa nìyẹn, phosphorus sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn oníṣẹ́ oúnjẹ ẹranko ń ṣe oúnjẹ kan fún aláìsàn kíndìnrín, tí phosphorus rẹ̀ kéré, tí èròjà amúaradàgbà rẹ̀ kò sì pọ̀ jù. Ní ọdún 2006, àwọn oníwàádìí ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn lórí ológbò 45 tí àìsàn yìí ń ṣe jáde. Ọdún 2 ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Nínú àwọn tó jẹ oúnjẹ kíndìnrín, kò sí ọ̀kan tí oró inú ẹ̀jẹ̀ gbé ṣubú. Nínú àwọn tó jẹ oúnjẹ lásán, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Mi ò mọ ìgò kan lórí tábìlì mi tó lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ààlímù ará Damasku nì ṣe pàdé ti dókítà lójú ọ̀nà. Ọ̀ranyàn ni jíjẹ-mímu ẹranko lójú àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn. Oògùn ni àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀, àní nínú ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn pàápàá. Ṣùgbọ́n nínú àìsàn yìí, oúnjẹ ni olórí oògùn. Ẹni tó bá fi egungun sílẹ̀ nínú abọ́ ológbò aláìsàn, tó wá lọ ra ìgò olówó iyebíye lé e lórí, ó fi ọ̀ranyàn sílẹ̀, ó ń ṣe nàfílà.

Omi náà ń bẹ níbẹ̀. Kíndìnrín tó ti rẹ̀ kò lè dá omi dúró sára, nítorí náà omi tútù tó mọ́ gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀ nígbà gbogbo, ní ibi méjì tàbí mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òun yóò fi ebi kọ́ ológbò kí ó lè gba oúnjẹ tuntun. Ológbò kì í gba ààwẹ̀ o. Èyí tí kò bá jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó sì ti ibẹ̀ kú. Díẹ̀díẹ̀ ni kí á máa pò ó pọ̀ mọ́ ti àtijọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ àti omi ni a tó dórí àfikún. Nínú ohun tí mo rí kọ́, àfikún tó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tó ń dí àlàfo tí wọ́n ti rí. Àpẹẹrẹ tó dára jù ni taurine. Ológbò kò lè ṣe é tó fún ara rẹ̀, inú ẹran ló ti ń rí i. Ní ọdún 1987, àwọn onímọ̀ ní California fi hàn pé àìtó rẹ̀ nínú oúnjẹ ló ń fa irú àìsàn ọkàn kan tó ń pa ológbò, àti pé bí wọ́n bá fi taurine kún oúnjẹ wọn, ọkàn wọn ń padà bọ̀ sípò. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ológbò ti ń fi í sí i tó. Àlàfo wà, wọ́n rí i, wọ́n dí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni potassium. Aláìsàn kíndìnrín lè máa tọ̀ ọ́ dànù títí iṣan rẹ̀ yóò fi rọ, tí kò ní lè gbé orí dúró, nígbà náà ni potassium yóò ràn án lọ́wọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n bí àìsàn náà bá ti lọ jìnnà, potassium lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àpọ̀jù rẹ̀ sì ń dá ọkàn dúró. Lẹ́búlẹ́bú kan náà, inú ike kan náà: ìwòsàn fún ológbò tìrẹ, ikú fún ti aládùúgbò rẹ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ èyí tí ó jẹ́.

Oògùn kan wà tó ń di phosphorus mú nínú ìfun, òun sì ni dókítà fi kún oúnjẹ tiwa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé bí a kò bá fún un pẹ̀lú oúnjẹ, kò wúlò, nítorí pé inú oúnjẹ ni ohun tó fẹ́ mú wà. Àwọn ọmọ ti ń bá a pò ó mọ́ oúnjẹ òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ láti ìgbà náà.

Ní ti ìgò 5 wa, dókítà kò fọwọ́ sí ìkankan. Òróró ẹ̀dọ̀ ẹja ni ó kọ́kọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kan gbọ́ pé òróró ẹja dára fún kíndìnrín ológbò, òótọ́ sì ni pé àwọn dókítà a máa lo omega-3 tó ń wá láti inú ara ẹja. Ṣùgbọ́n òróró ẹ̀dọ̀ ẹja kì í ṣe òróró ẹja. Fítámìn A àti D ló kún inú rẹ̀. Àpọ̀jù D a máa gbé calcium sókè nínú ẹ̀jẹ̀, a sì máa ba kíndìnrín gan-an tí à ń tọ́jú jẹ́. Àpọ̀jù A fún ìgbà pípẹ́ a máa so egungun ọrùn ológbò pọ̀ tí kò ní lè yíjú mọ́. Nítorí ọ̀rọ̀ kan tó fò lára orúkọ, ènìyàn lè fi ìfẹ́ pa ẹran ọ̀sìn rẹ̀.

Lẹ́búlẹ́bú aáyù burú ju ìyẹn lọ. Aáyù àti àlùbọ́sà, ìbáà jẹ́ tútù, gbígbẹ tàbí sísè, a máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa ológbò. Ẹ jẹ́ kí èyí dé ilé ìdáná yín: ọbẹ̀ àjẹkù tí à ń dà sórí ẹ̀bà fún ológbò, àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀, ó tún wà nínú púpọ̀ nínú àwọn amọ́bẹ̀dùn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi ńkọ́? Òótọ́ ni pé aláìsàn kíndìnrín kì í ní ẹ̀jẹ̀ tó, ṣùgbọ́n kíndìnrín ló ń ṣe ohun tó ń pàṣẹ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé kí ó ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí ẹni tó ń pàṣẹ kò bá sí, dída irin lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan kò ní mú iṣẹ́ lọ. Ike tó ní àwòrán ajá lára, ajá ni kí ó lọ bá. Ara ológbò yàtọ̀ sí ti ajá àti ti ènìyàn. Hóró paracetamol kan tí ìwọ yóò lò kí o sì sùn, ó lè pa ológbò, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi tú u.

Ó kan habbatus-saodáà, mo sì mọ̀ pé ojú ti ń wò mí. Hádíìsì rẹ̀ wà nínú Bukhari, mo gbà á gbọ́, mo sì ń lo òróró náà fún ara mi. Ṣùgbọ́n ta ló sọ iye ìkán òróró tó yẹ fún ẹranko tó wọn kílò 3, tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀, tó tún ń gba oògùn mìíràn? Àwọn dókítà ẹranko kò ní ìdíwọ̀n kan tí wọ́n fẹnu kò lé lórí fún un. Hádíìsì kò purọ́. Ẹni tó ń ta ọjà lábẹ́ rẹ̀ láìmọ ìdíwọ̀n ló yẹ kí á bi léèrè. Ànábì wa kan náà, gẹ́gẹ́ bí Abu Daud ṣe gbà á wá, fi yé wa pé ẹni tó bá ń ṣe ìwòsàn láìjẹ́ ẹni tí a mọ̀ mọ́ ìmọ̀ ìwòsàn, ọrùn rẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ wà. Lójú tèmi, àpọ́nlé hádíìsì àkọ́kọ́ ni pé kí á má fi í tẹ hádíìsì kejì mọ́lẹ̀.

Kí ẹ má rò pé ará ilé nìkan ni èyí ń ṣe. Lókè òkun, wọ́n ń ta kápúsù tí kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe ara lóore wà nínú rẹ̀, pé yóò gba iṣẹ́ kíndìnrín ṣe nínú ìfun. Ní ọdún 2011, àwọn oníwàádìí kan bu irú rẹ̀ sórí oúnjẹ ológbò bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe, kò sì yí ohunkóhun padà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní Amẹ́ríkà náà, òfin ọdún 1994 tó kan àfikún oúnjẹ ènìyàn kò kan ti ẹranko, ìdí nìyí tí àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe é fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2001, NASC, tó ń fi èdìdì sára ọjà ọmọ ẹgbẹ́ tó bá tẹ̀ lé ìlànà wọn. Èdìdì yẹn sọ pé wọ́n ṣe é dáadáa. Kò sọ pé ó ń woni. Nọ́mbà NAFDAC tiwa náà, kí ẹ wò ó kí ẹ tó rà, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹranko wo ni wọ́n kọ sára ike, ìdíwọ̀n mélòó ni, ọjọ́ wo ni yóò bàjẹ́. Ìgò tó bá ń wo ogójì àrùn tí kò sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Èyí tó jinlẹ̀ jù lójú mi nìyí. Ọmọ ènìyàn tó ń ṣàìsàn mọ ìdí tí òun fi ń gbé oògùn kíkorò mì. Ó ń retí ọ̀la. Bí ó bá tún jẹ́ Mùsùlùmí, ó mọ̀ pé kò sí ìnira tí yóò bá òun, títí kan ẹ̀gún tó gún òun lẹ́sẹ̀, àfi kí Ọlọ́hun fi pa nínú ẹ̀ṣẹ̀ òun rẹ́. Ìrora rẹ̀ ní ibi tó ń lọ. Ológbò ńkọ́? Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Kò sí àṣẹ ẹ̀sìn lórí rẹ̀, kò mọ ohun tí ń jẹ́ oṣù tó ń bọ̀, kò sì mọ̀ pé ìfẹ́ ni ṣíbí tí à ń tì bọ òun lẹ́nu. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹni tí òun máa ń sá bá ti di ẹni tí òun ń sá fún. Gbogbo ìnira tí a bá fi kún ti àìsàn rẹ̀, àwa la ó dáhùn fún un. Òun kò ní èrè kankan níbẹ̀ àfi bí ó bá mú ara dẹ̀ ẹ́ ní ayé yìí, ní ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù fún un. Ẹ rántí pé Ànábì wa pàṣẹ pé kí á pọ́n ọ̀bẹ kó mú dáadáa kí á tó dú ẹran. Bí ó bá ṣe pé ẹran tí à ń pa ni a ní kí á má ni lára jù, kí ni ká ti wí sí èyí tí a ní à ń tọ́jú?

Mo fura pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń rà fún aláìsàn tí kò lè sọ̀rọ̀, àwa ni ó ń wò. Ẹni tó bá ti ra nǹkan, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé òun ti gbìyànjú. Ìfẹ́ ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fi ń wọn ìgò báyìí, mo sì fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀ pé mo rà á, bí èmi fúnra mi bá tilẹ̀ gbàgbé pé mo rà á, ṣé ara ológbò yóò mọ̀? Ṣé yóò jẹun sí i? Ṣé yóò tún máa fi ahọ́n tún irun ara rẹ̀ ṣe, kí ó jáde lọ yá oòrùn àárọ̀?

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ńkọ́, ẹni tó sọ̀rọ̀ owó? Òótọ́ ló sọ ní ti pé ìnáwó ní ipò. Ara ẹni, ará ilé ẹni, ẹbí ẹni ló ṣáájú. Ẹni tí oògùn ìyá rẹ̀ kò tíì pé kò gbọdọ̀ gbé owó lọ ra oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè fún ológbò, Kùráánì Alápọ̀n-ọ́nlé sì ti kọ ìnákúnàá fún wa. Ibi tí èmi àti òun kò ti fẹnu kò ni pé ó gbé ẹ̀tọ́ méjì ka iwájú ara wọn bí ẹni pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ pa èkejì. Ilé-kéwú tó jẹ àǹfààní ológbò fún ọdún 14 kò lè sọ pé gbèsè kò sí lọ́rùn òun nítorí pé gbèsè mìíràn wà. N kò ní tàn yín, oúnjẹ kíndìnrín yẹn wọ́n, ìlú ńlá ni a sì ti ń rí i rà. Ilé tí kò bá ní agbára rẹ̀, Ọlọ́hun kò di ẹrù tó ju agbára lọ ru ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n bi dókítà léèrè ohun tí wọ́n lè sè nílé, kí wọ́n mú egungun àti ọbẹ̀ alálùbọ́sà kúrò níwájú rẹ̀, kí omi má wọ́n ọn, kí ibi tó ń sùn sí gbẹ, kí ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sí èyí tó ń béèrè owó ńlá níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ó béèrè pé ìgbà wo ló yẹ kí á dáwọ́ oògùn dúró, èmi kò rò pé ó ṣòro tó bí a ṣe ń mú un le. Bí ó bá ti kọ oúnjẹ pátápátá, tó ń bì, tó ń sá sí kọ̀rọ̀, tí dókítà sì ti sọ pé kò sí ohun tó kù, kí á yé ti nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí á fi omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí á má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ti pé kí dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò parí ìrora rẹ̀, àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, àwọn kan gbà á láyè bí ìrora bá pọ̀ tí ìrètí kò sì sí, àwọn kan kọ̀. Kí olúkúlùkù lọ bi ààlímù tó sún mọ́ ọn, lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ ti dókítà, kí ó má bi í ṣáájú.

Ní ilé-kéwú wa, kẹ́míìsì gba ìgò méjì tí a kò tíì ṣí padà. Ẹni tó ta aáyù kò gba tirẹ̀. Owó tó padà wá, àwọn ọmọ fi kún owó ilé-ìwé ọ̀rẹ́ wọn, kò tó ìdajì, a sì tún ń wá ìyókù. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri kíláàsì, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ìwọ̀n ológbò sí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá jẹ́ kílò 3.2, ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn jẹ́ 3.1. Oṣù tó ń bọ̀ ni a ó tún gbé e lọ gba ẹ̀jẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá mi jiyàn ló ní òun ni yóò gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Wallaahu a'alam.